Kíkọ́ Ọmọ ní Ojú Ọnà ní Ìlú Ọ̀tà

 

Nígbà tí babaláwo bá ń ki Ifá níbi ìpàdé awo, àwọn tí ó jókòó kì í kàn dákẹ́ máa wò. Bí ó bá kì í déédéé, wọn a dáhùn pé, “Hin!” Bí ó bá ṣì í kì, wọn a dá a dúró, ìbáà jẹ́ àgbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti kọ nípa àṣà yìí. Ọmọ awo tí ó wà nítòsí ń kọ́ ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń kọ́ ẹsẹ Ifá, ó sì ń kọ́ bí etí ṣe ń mọ èyí tí ó gún. Ẹ̀kọ́ kejì yìí ni ó ń di ọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Ọ̀tà, nínú iṣẹ́ ọnà àti nínú eré ìdárayá.

Ní agbègbè ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ọ̀pọ̀ òbí ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn mìíràn sì ń ṣiṣẹ́ òru. Ẹni tí ó bá wí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kò fẹ́ràn ọnà kò sọ òótọ́. Wọ́n ń jó, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ń wo fídíò lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí ó mú un dára. “Ó dára” ni ìdáhùn, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ojú wọn kò fọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi sọ ohun tí ojú rí ni ẹnìkan kò fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà. Ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn, Robert Farris Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà, rìn láàrin àwọn Yorùbá, ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ń dájọ́ ère. Ní 1973 ni ó tẹ èsì rẹ̀ jáde. Jíjọra: kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Ìfarahàn: kí ojú, etí àti ilà hàn kedere. Dídán, gígún, àti ọ̀dọ́, èyí tí í mú kí àgbà tí a gbẹ́ wà ní ìgbà agbára rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè lo gbogbo wọn bí a bá gbé ère kan sí iwájú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù lọ ní Ọ̀tà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìṣúra aráyé ní 2001, ó sì kéde Ifá ní 2005. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wo ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní apá méjì. Ojú tí ó wà nísàlẹ̀ tutù, kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ohun tí ó wà lókè ni kò ní ìsinmi: ẹyẹ, ejò, ìyálọ́jà, ẹ̀rọ ìránṣọ, àní alùpùpù. Kí ni ìdí tí agbẹ́gilére fi gbé ariwo lé orí ìfarabalẹ̀? Ta ni ó ń bẹ̀? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn pé àwọn ìyá ni ijó náà wà fún ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọnà tú. Lẹ́yìn náà ni kí ó tẹ́tí sí ṣaworo ẹsẹ̀ oníjó: ṣé òun àti ìlù jọ parí gbólóhùn? Ère orí láti Ọ̀tà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń tú wọn palẹ̀ níbẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ Igánmọdẹ máa wo irú rẹ̀ bí ẹni wo igi.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọdé bá ń yẹ iṣẹ́ àgbà wò, yóò di aláfojúdi. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Àwọn ohun kan wà tí kì í ṣe fún ojú ọmọdé, kò sì sí ìbéèrè tí ó lè ṣí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbé síta gbangba, a gbé e síta kí a lè wò ó ni, àwọn baba wa sì ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní ti eré ìdárayá, ayò ni kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀: ojú 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. Òǹwòran ayò kì í dákẹ́. Ó ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń yin ọ̀ta. Nígbà tí wọ́n bá ta á tán, kí ọmọ tún un tò padà, kí ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí eré ti yí. Bákan náà ni bọ́ọ̀lù: kí ó má sọ ẹni tí ó jẹ góòlù nìkan, kí ó sọ ẹni tí ó la ọ̀nà fún un. (Àwọn tí ń pariwo ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù mọ iṣẹ́ yìí dunjú, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè wọ́n ní olùkọ́.)

Kí olùkọ́ tí yóò mú ọmọ wá sí ìdí ijó mú wọn dé kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ bí onílùú ṣe ń ta awọ le. Kí ó gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bá padà délé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tí ó rí tí ẹnìkejì rẹ̀ kò rí, kí àwọn yòókù sì dáhùn “Hin” tàbí kí wọ́n dá a dúró, pẹ̀lú ìdí.