Ìrìn Wa Lórí Òkè Ìdànrè
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Òkè-Odò)

Mo mọ̀ pé ọjà Ìkọ̀tún àti Ẹgbẹ́dá ni ọ̀pọ̀ yín ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ sì ń dùn yín. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Òkè-Odò ni à ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ yọjú síta kẹ́ ẹ wò ó. Òkè wo ló wà níbí? Ilé ló kún ilẹ̀, mọ́tò ló kún ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́sàn-án nínú kíláàsì wa fi ní àwọn fẹ́ rí òkè gidi, òkè tí àwọn bàbá wa tẹ ìlú dó sórí rẹ̀. Mo ní ó dára, Ìdànrè ni a ó lọ.

Ìdànrè wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. A gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá, a sùn ní Àkúrẹ́, a sì gbéra ní kùtùkùtù. Ẹ rántí èyí o: kí oòrùn tó mú ni à ń gun òkè. Bí ọ̀sán bá pọ́n, àpáta a máa gbóná bí ìkòkò orí iná.

Ní ẹsẹ̀ òkè, a san owó ìwọlé, wọ́n sì fún wa ní afinimọ̀nà kan. Ọmọdé ni lójú mi. Ó kí wa dáadáa, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ibi tí mo bá tẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ má sáré. Ẹni tó bá rẹ̀, kó sọ." Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọmọ ilé-ìwé tò lórí ìlà!

Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì ni a kọ́kọ́ gùn. Mẹ́ta nínú wa ń ka iye rẹ̀. Nígbà tí a dé òkè, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n mú wá, wọ́n sì ń bá ara wọn jà sí i. Ohun tó dájú ni pé ó ju 600 lọ. Ibi ìsinmi wà lọ́nà, a ò sì fo ọ̀kankan. Ní ọ̀kan nínú wọn, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, bi afinimọ̀nà pé, "Ọmọ mi, ṣé ibí ni wọ́n ń ru ẹrù gbà láyé àtijọ́?" Ó ní, "Màmá, kò sí àtẹ̀gùn nígbà náà. Orí àpáta lásán ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Bàtà aláwọ tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀. Lókè níbẹ̀, mo rí àpáta kan tó dà bí ọ̀nà àbùjá, mo bá yà kúrò lẹ́yìn afinimọ̀nà. Omi ti mú kó yọ̀. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo fi orúnkún gbálẹ̀, mo sì ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ọmọ yẹn ló sáré wá dì mí mú lápá. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Òkè yìí ò mọ tíṣà." Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wọ bàtà rọ́bà olówó pọ́ọ́kú, kò sì yọ̀ rárá.

Nígbà tí a dé ìlú àtijọ́, gbogbo wa dákẹ́. Àwọn ilé alámọ̀ wà láàárín àpáta ńláńlá, kò sẹ́ni nínú wọn. A rí ààfin Ọwá àtijọ́ pẹ̀lú òpó gbígbẹ́ rẹ̀. Àwọn ìjòyè ṣì ń gòkè wá ṣe ètùtù àti ọdún níbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó wọ ibikíbi. Ilé ẹjọ́ ọdún 1906 wà níbẹ̀. Ilé-ìwé náà wà, ti ọdún 1896. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ dúró níwájú pátákó, ó fi ìka tọ́ ọ, ó kà á fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. A dúró dè é títí ó fi parí.

Ní tèmi, mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ojoojúmọ́ ni mo ń ráhùn pé ọ̀nà ilé-ìwé wa kò dára.

Ní ọdún 1923 ni àwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí oko, ọ̀nà àti òwò ti rọrùn. Kòkó ni a fi mọ Ìdànrè lónìí. Ní ọdún 2007, ìjọba Nàìjíríà fi òkè náà sínú àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Síbẹ̀, òjò ń wó àwọn ògiri yẹn lọ díẹ̀díẹ̀.

Afinimọ̀nà fi ipasẹ̀ Àgbóògùn hàn wá lára àpáta. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, àfi ti àjẹ́. Ẹ ò rí bí àwọn kan ṣe fà sẹ́yìn! Lẹ́yìn náà, ó mú wa lọ síbi àwọn àmì kan tí a gbẹ́ sára òkúta. Àwọn ará Ìdànrè ní kò tíì sẹ́ni tó lè kà wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yíjú sí mi. Mo fi awò sójú, mo wò ó lọ́tùn-ún, mo wò ó lósì. Mi ò lè kà á. Inú wọn dùn púpọ̀.

Àwọn àlejò kan ti fi ọ̀dà kọ orúkọ wọn sára àpáta lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ yín kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Sísọ̀ kalẹ̀ le ju gígùn lọ fún orúnkún. Ẹ mú ọ̀pá dání, ẹ gbé omi, ẹ dé fìlà tàbí kẹ́ ẹ wé gèlè, ẹ wọ bàtà tí abẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Lẹ́yìn òjò, a ó tún lọ. Ìwé kan wà lórí tábìlì níwájú níbẹ̀ yẹn, pẹ́ńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó wá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni kọ ọ́ o.