Alábòójútó Iṣẹ́ Níbi Kíkọ́ Ilé Ìwé

Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti ṣàlàyé iṣẹ́ ayàwòrán ilé àti ti ẹnjiníà. Èmi fẹ́ sọ ti ẹni kẹta, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa pariwo mọ́ àwọn lébìrà lọ. Alábòójútó iṣẹ́ ni mo ń wí.

Ìwé àwòrán kì í po kọnkéré. Bí ẹnjiníà bá ní kí a po ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan mọ́ ìwọ̀n yanrìn méjì àti òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, ta ni yóò dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ láti àárọ̀, tí yóò rí i pé yanrìn kò di mẹ́ta, tí omi kò sì pọ̀ jù? Ta ni yóò ka irin inú òpó kí wọ́n tó fi pákó bò ó? Nígbà tí kọnkéré bá ti bo irin, ojú kò tún lè rí i mọ́. Nítorí náà, wákàtí tí ó ṣáájú dída kọnkéré gan-an ni wákàtí alábòójútó.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ilé ìwé ni ó wà. Oṣù Kẹsàn-án ń bọ̀, wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí, wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé. Kọnkéré kò mọ ọjọ́ ìwọlé. A ní láti máa bu omi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán, ọjọ́ 28 sì ni a máa ń kà kí a tó díwọ̀n agbára rẹ̀. Alábòójútó tí kò lè wí pé "Rárá, sà" fún ẹni tí ń san owó oṣù rẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, Èkó. Ènìyàn 20 ni ó kú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ìwé mìíràn wó ní Jọ́ọ̀sì nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì. Ènìyàn 22 ni ó bá a lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé ìkánjú ni ó ń wó ilé. Kì í ṣe ìkánjú nìkan. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, kíákíá ni ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ ilé ìwé lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Èkó, tí ètò àárọ̀-ọ̀sán fi dópin. Àwọn alátakò pè wọ́n ní ilé adìyẹ. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín: ilé ilẹ̀ gbọọrọ tí a fi páànù bò kò di ẹrù kọnkéré lé ọmọ kankan lórí. Ìkánjú tí ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń bẹ̀rù.

Láti ọdún 1989 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ CORBON sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn akọ́lé sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó di ọ̀gá ilé ìwé lọ́la, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí yẹn lọ́wọ́ alábòójútó, kí ẹ sì ka ìwé tí ó ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi àjà kan kún ilé tí ẹ wà, ẹ bi wọ́n pé ta ni ó yẹ ìpìlẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní bíríkìlà ni, ẹ kó àwọn ọmọ jáde títí ẹnjiníà yóò fi dé.