Ta Ló Wà Lódìkejì? Ọ̀rọ̀ Lórí Ààbò Sẹ́fà Ìtàkùrọ̀sọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Iyah-Gbede, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí

 

Ẹni tó wà ní Kábbà, ẹni tó wà ní Lọ́kọ́ja, ẹni tó wà ní Èkó àti ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, orí fóònù ni gbogbo wọn ti ń ṣèpàdé ìlú báyìí. Ibẹ̀ la ti ń dá owó, ibẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ la ti ń túfọ̀ òkú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń béèrè pé ṣé ìlú kò lè ní sẹ́fà tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ tó sì ń pín in, kí ọ̀rọ̀ wa má baà máa gba ọwọ́ iléeṣẹ́ òkèèrè kọjá. Ó ṣeé ṣe. Ètò sẹ́fà ọ̀fẹ́ bíi Prosody àti ejabberd wà, kọ̀ǹpútà kékeré sì gbé wọn. Àmọ́ ohun kan ni mo wá tẹ̀ mọ́ wa létí lónìí: fífi àdììtú bo ọ̀rọ̀ kò tó. Kí a mọ ẹni tó wà lódìkejì, tí à ń bo ọ̀rọ̀ ọ̀hún ránṣẹ́ sí, ni olórí iṣẹ́.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń rìn ní gbangba

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1988, Jarkko Oikarinen ṣe ètò ìtàkùrọ̀sọ tó ń jẹ́ IRC ní Yunifásítì Oulu, lórílẹ̀-èdè Finland. Ibodè ẹ̀rọ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6667 ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà níbẹ̀, bí a bá sì ṣe tẹ̀ ẹ́ náà ló ṣe ń rìn. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró lójú ọ̀nà, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ẹni tó gbé Wi-Fi kalẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, lè kà á tán, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ya ibodè 6697 sọ́tọ̀ fún èyí tí a fi àdììtú bò.

Ní 1999, Jeremie Miller, ará Amẹ́ríkà, gbé Jabber jáde, èyí tí a wá ń pè ní XMPP. Ibodè 5222 ni fóònù ń bá wọlé sọ́dọ̀ sẹ́fà. Àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ kí ara wọn ní gbangba, kí wọ́n tó fi àṣẹ tó ń jẹ́ STARTTLS wọ abẹ́ àdììtú. Ewu wà nínú ìkíni yẹn. Bí amòòkùnṣìkà bá wà láàárín, ó lè yọ àṣẹ náà dànù, kí fóònù rò pé sẹ́fà ni kò mọ àdììtú í ṣe, kí ọ̀rọ̀ sì máa lọ ní gbangba. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bójú tó sẹ́fà XMPP fẹnu kò pé láti 19 oṣù Karùn-ún 2014, àwọn kò ní gba ìsopọ̀ tí kò ní àdììtú mọ́.

Nínú fáìlì ètò Prosody, tó ń lo XMPP yìí, ìlà méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. `c2s_require_encryption` wà fún ọ̀nà fóònù sí sẹ́fà, `s2s_require_encryption` sì wà fún ọ̀nà sẹ́fà sí sẹ́fà. `true` ni ká kọ síwájú méjèèjì. Nínú TLS, ìlànà àdììtú tí STARTTLS ń gbé wọlé, ẹ̀dà 1.2 ti 2008 àti 1.3 ti 2018 ni ká gbà; 1.0 àti 1.1 ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì láti oṣù Kẹta 2021.

Ọ̀pá àṣẹ

Láyé àtijọ́, bí ọba bá rán ẹnìkan níṣẹ́ pàtàkì, ó lè fi ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́: ẹni tó rí ọ̀pá, ó rí ọba. Ìwé ẹ̀rí sẹ́fà ni ọ̀pá yìí. Àjọ Let's Encrypt, tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé ní oṣù Kejìlá 2015, ń fún ènìyàn ní ìwé yìí lọ́fẹ̀ẹ́, kì í sì í ṣiṣẹ́ ju 90 ọjọ́ lọ. Kò béèrè ìran ẹni. Ohun tó ń yẹ̀ wò ni bóyá ẹni tó wá gbàwé ló ń darí orúkọ tó dárúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí jabber.ru, sẹ́fà àwọn ará Rọ́ṣíà tó ti wà láti ọdún 2000, tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Jámánì lọ́dọ̀ Hetzner àti Linode. Ní oṣù Kẹwàá 2023, ẹni tó ń bójú tó o rí i pé àwọn tó ń wọlé ń gba ìkìlọ̀ pé ìwé ẹ̀rí ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó yẹ tirẹ̀ wò, kò sí èyí tó kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tó tú u wò ló hàn pé ẹnìkan ti jókòó sáàárín ẹ̀rọ náà àti ayé, tó ń gba gbogbo ohun tó ń bọ̀ ní ibodè 5222, tó ń tú u, tó ń kà á, kó tó tún un dì ránṣẹ́. Ojúlówó ìwé ẹ̀rí Let's Encrypt ló wà lọ́wọ́ ẹni náà. Nítorí pé ojú ọ̀nà wà níkàáwọ́ rẹ̀, ó yege ìdánwò. Láti oṣù Kẹrin ni ìwé náà ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ gbangba tí wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fún ènìyàn sí, tí gbogbo ayé lè kà, kò sẹ́ni tó wò ó. Pé ẹni náà kò tún ìwé rẹ̀ ṣe lásìkò nìkan ló tú àṣírí rẹ̀. Gbogbo àdììtú pé pérépéré lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ẹlòmíràn ló kàn di ọ̀pá mú.

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Àkọ́kọ́, ká kọ àkọsílẹ̀ CAA sí orúkọ ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó dárúkọ iléeṣẹ́ tó lè fún wa níwèé ẹ̀rí àti àkáǹtì tiwa gan-an níbẹ̀. Amòòkùnṣìkà tó bá fi àkáǹtì mìíràn wá kò ní rí gbà. Èkejì, kí ẹnìkan máa ka ìwé àkọsílẹ̀ gbangba náà, kó máa wá orúkọ wa níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ètò máa tún ìwé ṣe fúnra rẹ̀, kí Prosody sì gbé tuntun lò. Àṣẹ `prosodyctl check certs` á sọ fún wa bó bá kù síbì kan. Ìkìlọ̀ ìwé tó kásẹ̀ nílẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ká lè ráyè wọlé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan tí kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa. TLS ń dáàbò bo ojú ọ̀nà nìkan; bí ọ̀rọ̀ bá dé inú sẹ́fà, alábòójútó lè kà á. Láti oṣù Kẹrin 2016 ni WhatsApp ti ń bo ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ dé ọwọ́ ẹni tó gbà á. Sẹ́fà ìlú tí kò bá lo OMEMO, tó jáde ní 2015 fún irú iṣẹ́ yẹn, kò ní bo àṣírí tó WhatsApp tí a ń sá fún. Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2023 ń bi ẹgbẹ́ tó bá ń tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà ènìyàn léèrè.

Àbá mi nìyí. Kí ìlú yan ènìyàn méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lẹ́yìn odi, kí ọ̀kan má baà sùn kí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Kí a fi ìkíni àti eré lásán dán sẹ́fà náà wò fún oṣù mẹ́fà, kí ìwé ẹ̀rí lè yípo níṣojú wa. Bí kò bá sí ìkìlọ̀ kankan tí a kò lè ṣàlàyé ní gbogbo àsìkò yẹn, nígbà náà ni ká ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ síbẹ̀.