Àgò Ni A Fi Ń Gbé Ológbò, Kì Í Ṣe Àpò

Nígbà tí a ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni ẹ ń retí lẹ́nu mi, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ológbò ni mo gbé wá. Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Nígbà tí mo bá fi máa parí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ.

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ iṣẹ́ tí ológbò ń ṣe fún wa. Àgbàdo tí a kó sí àká, gàrí tí a dì sínú àpò, ẹ̀wà tí a fẹ́ gbìn ní ọdún tí ń bọ̀, eku kì í jẹ́ kí wọn sinmi. Àwọn baba wa ní, bí ológbò bá jáde, ilé di ilé èkúté. Kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan ni eku ń bà jẹ́. Ibà Lassa, tí àwọn dókítà kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, ara eku ni ó ti ń ran ènìyàn. Ẹran tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí fún wa láìgba owó oṣù, ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ dáradára, kí a sì máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko nígbà tí ó bá yẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí a bá fi okùn sí ajá lọ́rùn, yóò tẹ̀lé wa dé ibikíbi. Ewúrẹ́ lè ké títí, ṣùgbọ́n yóò lọ. Ológbò ni kì í gbà. Ajá fẹ́ràn olúwa rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ni ológbò mọ̀: orí àjà rẹ̀, ẹ̀yìn ààrò rẹ̀, òórùn ara rẹ̀ tí ó ti fi pa gbogbo igun ilé. Bí a bá gbé e kúrò níbẹ̀, ó dà lójú rẹ̀ bí ẹni pé ayé parí. Ẹ̀rù ni ó ń bà á, kì í ṣe orí kunkun. Bí a kò bá mọ èyí, a ó máa bá a jà, òun náà yóò sì bá wa jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ní ológbò dúdú kan ní ilé wa. Àwọn ajá wa ti gba abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn dìgbòlugi, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ó bá kan ti ológbò, a ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la náà di ọdún méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo ní n kò ní sún un síwájú mọ́. Mo mú àpò gàrí kan, mo sì sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi pé kí ó fi ẹja pe ológbò náà wá. Bí ó ti ń jẹun lọ́wọ́ ni mo gbá a mú lẹ́yìn, mo sì fẹ́ tì í sínú àpò. Ẹ̀yin ará, ẹran tí kò wúwo ju iṣu kan lọ di ẹkùn mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ha mí lápá, ó gé ìyá àwọn ọmọ mi jẹ ní ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ó gba ojú fèrèsé fò, ó sì wọ inú igbó lọ.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ológbò tán. Ó wá ku ti ènìyàn. A fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, a sì mú ọ̀nà ilé ìwòsàn pọ̀n. Dókítà bi wá bóyá ológbò náà ti gba abẹ́rẹ́ rí. A ní rárá. Ó ní, níbo ni ó wà? A ní ó ti sá lọ. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé bí ajá tàbí ológbò tí ara rẹ̀ yá bá gé ènìyàn jẹ, tí a sì lè sé e mọ́lé kí a máa wò ó fún ọjọ́ 10, bí kò bá ṣàìsàn láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, a mọ̀ pé kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gé ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti sá lọ, ta ni yóò wò ó? Nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún aya mi ní abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an.

Oorun kò kùn wá ní alẹ́ wọ̀nyẹn. Bí aya mi bá sọ pé orí ń fọ́ òun, àyà mi yóò já. Ó ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta nígbà tí ológbò náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé ní ọjọ́ kejìlá, ó rù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n gbogbo owó àti ìbẹ̀rù náà, àpò kan ṣoṣo ni ó fà á, àti ìkánjú tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi àrùn dìgbòlugi ṣeré. Inú itọ́ ẹranko tí ó ní in ni ó ń gbé, nípa ìgéjẹ tàbí ìhanilára ni ó sì ń wọ ara ènìyàn. Nínú ènìyàn 100 tí ó ń mú, nǹkan bí 99 ni ó ti ọ̀dọ̀ ajá gbà á. Ṣùgbọ́n ológbò náà lè ní in, ó sì lè ran ènìyàn. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ekukáká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Abẹ́rẹ́ tí a gbà kí àmì tó hàn ni ó ń gbà wá. Ní oṣù Keje ọdún 1885, ní ìlú Paris, Louis Pasteur lo irú abẹ́rẹ́ yìí fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ń jẹ́ Joseph Meister, tí ajá dìgbòlugi ti gé jẹ ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ náà sì yè. Ní orílẹ̀-èdè wa, ilé ìwádìí àrùn ẹranko tí a dá sílẹ̀ ní Vom ní ọdún 1924 ń ṣe abẹ́rẹ́ tí ń dènà àrùn fún ẹran ọ̀sìn. Ọmọ ológbò tí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta ti tó gba ti dìgbòlugi. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí yóò tún un gbà.

Báwo ni a ó ṣe wá gbé e débẹ̀? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí dókítà ẹranko kọ́ mi nìyí.

Èkíní, ẹ wá àgò tí ó ní ìdérí tí a lè so dáadáa, irú èyí tí a fi ń kó adìẹ lọ sọ́jà, tàbí èyí tí wọ́n fi ike ṣe tí ó ní ilẹ̀kùn wáyà. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ gbé àgò náà sí ibi tí ológbò máa ń sùn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ẹ tẹ́ àkísà tí ó ń sùn lé sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá yá, yóò sọ àgò náà di ilé.

Èkejì, ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọ̀la yóò mọ́ tí ẹ ó lọ, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé yàrá tí ó wà. Ní òwúrọ̀, ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ àjẹyó, kí ó má baà bì nínú ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí kò bá fẹ́ wọlé fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe ti orí rẹ̀ síwájú. Ẹ fi aṣọ ìnura tí ó nípọn wé e, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú aṣọ, kí orí nìkan wà níta. Ẹ gbé àgò náà nàró, kí ẹ sì fi ìdí rẹ̀ ṣáájú wọlé. Ohun tí kò rí níwájú rẹ̀, kò ní bá a jà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi aṣọ bo àgò náà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kí atẹ́gùn máa wọlé. Ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí a ń dì ẹrù sí. Ooru ibẹ̀ lè pa á. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ gbé e sí orí àga, ní ibi tí ó jìnnà sí àwọn ajá, kí ẹ má sì ṣí i títí a ó fi pè yín.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Àwọn mìíràn, nítorí àtiyẹ wàhálà ọ̀nà yìí sílẹ̀, a máa fún ológbò tí ń ṣàìsàn ní oògùn ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Paracetamol tí ó ń wo orí wa sàn, májèlé ni fún ológbò. Horo kan ṣoṣo lè pa á.

Nígbà tí a tún gbé ológbò dúdú wa lọ, a ti fi àgò sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá àwọn ọmọ mi fi ẹja díẹ̀ sínú rẹ̀, ológbò wọlé, ó sì rọra de ìdérí. Ó ké ní ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ha ẹnikẹ́ni. Ó gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, a sì padà sílé ní àlàáfíà. Àpá eyín rẹ̀ ṣì wà ní ọwọ́ aya mi; nígbàkúùgbà tí mo bá rí i, mo máa ń rántí àpò gàrí náà.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá délé ní alẹ́ yìí, ẹ wo ológbò yín, kí ẹ bi ara yín bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́. Bí kò bá tíì gbà á, ẹ má ṣe lé e mú. Ẹ wá àgò kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún un.