Ta Ni Yóò Jẹ Ọ́síjìn Odò Thames?

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín pè mí láago pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa odò, Ọ̀ṣun ló rò pé mo máa sọ. Mo ní rárá o. Thamesmead lẹ ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé yín ni ilé ìfọmi-ẹ̀gbin Crossness wà, bí atẹ́gùn bá sì yí nígbà ooru, imú yín á ti ṣàlàyé rẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yára kọjá ìtumọ̀. Ohunkóhun tó bá gba ihò síǹkì àti ilé ìyàgbẹ́ jáde, omi ẹ̀gbin ni. Nínú ilé ìfọmi, wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó rogún bí ògì, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omíkan rẹ̀ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè jẹ ìdọ̀tí tó kù. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń tú sódò. Ẹ mọ gbogbo èyí; nọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ. Kòkòrò á jẹ ẹ̀gbin dandan, kò sì lè jẹ ẹ́ kó má mí. Bí kò bá jẹ ẹ́ nínú táǹkì, inú odò ni yóò ti jẹ ẹ́, ọ́síjìn tí ẹja ì bá mí ni yóò sì mí tán. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ ilé ìfọmi lójú, ibi oúnjẹ ni wọ́n gbé kúrò níbì kan lọ síbòmíràn.

Ọkọ̀ Princess Alice

Lọ́dún 1858, òórùn Thames le débi pé kọ́tìnì ilé aṣòfin ni wọ́n ń rẹ sínú kẹ́míkà kí àwọn aṣòfin lè ráyè jókòó. Aṣòfin tí òórùn bá ti ká mọ́ ilé kì í jáfara: ọjọ́ 18 péré ni òfin fi jáde. Ẹnjiníà Joseph Bazalgette wá la ihò abẹ́ ilẹ̀ tó kó ẹ̀gbin apá àríwá London lọ sí Beckton, ó sì kó ti apá gúúsù wá sí Crossness, tí wọ́n ṣí ní 1865. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò fọ nǹkan kan. Ó ń kó o jọ ni, bí omi bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, á tú u sódò, pẹ̀lú ìrètí pé òkun á gbé e lọ.

Àwa tá a dàgbà ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta mọ irú ìrètí bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà tí agbépòó ṣì ń kọjá lóru, a máa ń ju bàtà tó já sínú ọ̀sà láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, bàtà á padà wá bá wa, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án 1878, ọkọ̀ Princess Alice ń kó àwọn tó lọ gbafẹ́ bọ̀ wálé: tọkọtaya, ọmọ ọwọ́, àwọn onílù. Ilẹ̀ ti ṣú. Bó ṣe yọ sí Tripcock Point, etí Thamesmead yìí kan náà tí ẹ ti ń mú ajá rìn, ọkọ̀ akóèédú Bywell Castle forí sọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi rì. Àwọn tó kú lé ní 600.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ó kàn mí. Ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, Beckton àti Crossness ti ṣílẹ̀kùn. Gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 75 omi ẹ̀gbin, tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀, ti wọ odò. Ìyẹn ni wọ́n bọ́ sí. Àwọn tó mọ̀wẹ̀ pàápàá mu ún. Wọ́n ní omi náà ń hó bíi mínírà. Òkú tí wọ́n fà jáde ń yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ń tètè jẹrà. Nǹkan bí 120 ni wọ́n sin ní Woolwich láìmọ orúkọ. Àgbélébùú tó dúró níbẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún 23 ènìyàn tó dá sísì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rí i gbé kalẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò gbàgbé sísì. Yorùbá ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. London da tiẹ̀ síwájú, ẹ sì ti gbọ́ ohun tó tẹ̀.

Mo mọ̀ pé mo ti pẹ́ lórí ìtàn yìí. Ìyàwó mi ti ní kí n yé sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n títí dòní, àwọn kan ṣì ń sọ fún mi, pẹ̀lú oyè ọ̀jọ̀gbọ́n lórí wọn, pé odò tó ń ṣàn ń fọ ara rẹ̀. Ìjà yìí ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo ti jà á ní Ìbàdàn, mo ti jà á ní Èkó, níbi tí ẹnìkan ti sọ fún mi pé ọ̀sà tóbi. Ọ̀gágun ojú omi kan, Calver, ti kọ ọ́ ní 1877 pé ẹ̀gbin tí Beckton àti Crossness ń tú sódò ló ń di ẹrẹ̀ sínú Thames. Bazalgette ní irọ́ ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Princess Alice rì. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, torí ibí ni kókó wà: Thames kì í ṣàn bí omi òkè. Ó ń fà, ó sì ń padà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ohun tí ẹ jù sí i ní London lè máa lọ, kó máa bọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó rí òkun. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kòkòrò ń jẹun. Nígbà tó fi máa di 1957, àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun ẹlẹ́mìí ní London wá ẹja láti Kew dé Gravesend, wọn ò rí ìkankan, àfi ejò-omi tí wọ́n ń pè ní eel.

Nígbà tí wọ́n fẹ ilé ìfọmi lójú

Crossness tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ọdún 1960, wọ́n fẹ Beckton lẹ́yìn rẹ̀, ní 1974 wọ́n sì rí ẹja salmon kan ní West Thurrock. Ìwé ìròyìn ń jó. Èmi ò jó. Ẹja kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ́síjìn tó padà wá ni ẹ̀rí.

Ní ọdún 2010 sí 2014, wọ́n tún fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára Beckton, 44 kún Crossness, 50 kún ilé ìfọmi Mogden. Ẹnìkan bi mí lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan pé, bí omi tí wọ́n ń tú bá pọ̀ sí i, ṣé odò ò ní bàjẹ́ sí i? Ìbéèrè gidi ni. Ihò Bazalgette kò ya omi òjò sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbẹ́. Tí òjò bá rọ̀, á kún, á sì ya sódò bó ṣe rí. Omi tó pọ̀ sí i yìí, èyí tó ń ya dànù tẹ́lẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má ka korobá nìkan. Ẹ wo ohun tó wà nínú korobá, kí ẹ tó fi iye korobá sọ ọ́ dìlọ́po. Ihò ńlá Tideway tó ń gba omi tó ń ya yẹn, kìlómítà 25, tí wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní 2025, Beckton ló ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Láìsí Beckton tó fẹ̀, kòtò lásán ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀ṣẹ̀ yín náà wà níbẹ̀. Òróró àkàrà àti puff-puff tí ẹ ń dà sí síǹkì ò bá omi lọ. Ní Whitechapel ní 2017, òkìtì ọ̀rá tí wọ́n bá nínú ihò gùn tó mítà 250, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Mi ò ní ọmọ Nàìjíríà ló dà gbogbo rẹ̀. Mo kàn ń wo ojú yín ni.

Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ọ́síjìn

Kíákíá. Àmóníà inú ìtọ̀ ni táǹkì ń sọ di náítíréètì. Odò rí ọ́síjìn rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n náítíréètì ò parẹ́. Àbọ̀ ìwádìí tí ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹranko ti London, ZSL, gbé jáde ní 2021 sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ọ́síjìn ń gòkè, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń lọ sílẹ̀, náítíréètì ń gòkè.

Èkejì: nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, omi òkè odò tó ń ti Teddington bọ̀ á dín kù, ti ilé ìfọmi kò ní dín. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n fi wọn òfin ìtúsódò.

Ti oògùn àti ti ike kéékèèké, ẹ máa dárí jì mí. Alága ti na ìka méjì sókè, mo sì mọ̀ pé ìka méjì Alága, ìṣẹ́jú kan ni.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la, bí omi bá ti fà, mo máa wà létí odò ní Crossness pẹ̀lú ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ọ́síjìn. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó wọ bàtà òjò.