Lámilámi Onídìí Àyìnrín àti Etí Omi Wa



Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Nígbà tí ẹ dé etí omi gbẹ̀yìn, èwo nínú lámilámi ni ẹ rí? Ẹlòmíràn á ní ṣebí lámilámi ni gbogbo wọn. Bí àwa náà ṣe rò ó lọ́mọdé nìyẹn, nígbà tí a máa ń so òwú mọ́ ọn nídìí. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ti wò ó dáadáa. Wọ́n rí i tó ń kan omi, tó ń gbéra, tó tún ń kàn án. Wọ́n ní omi ló ń lá. Ṣùgbọ́n ìdí ló fi ń kan omi, ẹyin ló ń yé. Púpọ̀ nínú àwọn ńlá, tí wọ́n máa ń na ìyẹ́ gbalaja bí wọ́n bá bà, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo mú wá lónìí kò jọ wọ́n. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra, bó bá sì bà, á pa ìyẹ́ pọ̀ sẹ́yìn. Abo rẹ̀ ní ohun mímú nídìí tó fi ń gún koríko inú omi, inú ihò yẹn ló ń kó ẹyin sí. Bí a bá ro etí omi mọ́ fínnífínní, a ti wó ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ nìyẹn.

Ischnura senegalensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Rambur, ará Faransé, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1842, tó fi ilẹ̀ Senegal sọ ọ́ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ó wà káàkiri Áfíríkà títí dé Íńdíà àti Japan. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Akọ dúdú lẹ́yìn, àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ìdí rẹ̀ sì dà bí aṣọ tí aláró rẹ lẹ́ẹ̀kan péré: àyìnrín. Abo ló jẹ́ ìyanu fún mi. Òmíràn jọ akọ pátápátá; òmíràn pọ́n bí epo pupa nígbà èwe, tó bá dàgbà a di aláwọ̀ ewé ṣíṣú. Àwọn tó ṣèwádìí ní Japan rò pé àwọn akọ a máa yọ abo lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó bá gbé àwọ̀ akọ wọ̀ a rí ìsinmi díẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ kò ní ìyẹ́. Ìsàlẹ̀ omi ló ń gbé, ohun mẹ́ta bí ewé wà nídìí rẹ̀ tó ń bá a mí. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ àgbọ̀n. Bí tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, bá kọjá, ètè yẹn á nà síwájú lójijì, ó di pé ó ti gbá a mú. Ẹ̀yin tí ibà ń dá ọmọ yín dúbúlẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ mọ iṣẹ́ tí ìyẹn ń ṣe.

Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí tó wà láàárín Pobè àti Kétou dúdú, kì í tètè mu omi. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, omi á sì dúró pẹ́. Ibẹ̀ ni onídìí àyìnrín fẹ́ràn. Mo mọ̀ pé omi bẹ́ẹ̀ ń bà wá lẹ́rù, ẹ̀rù náà sì tọ́: láti 2003 ni ilé ìwòsàn egbò Buruli ti wà ní Pobè yìí, àgbègbè omi tí kì í ṣàn ni àrùn náà sì ti wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n lámilámi kì í bu ènìyàn jẹ, kì í ta ènìyàn. Ẹ má fi í kún ohun tí ẹ ń bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára nìyí. Onídìí àyìnrín lè gba omi ẹlẹ́gbin mọ́ra. Àwọn ìbátan rẹ̀ bíi Sapho, tí ìyẹ́ wọn ń kọ mànà, kò lè ṣe é: òjìji igbó àti omi tó ń ṣàn ni wọ́n fẹ́. Bí a bá gé igi etí odò, oòrùn á gbóná sórí omi, òjò á gbé erùpẹ̀ oko wọ inú rẹ̀, wọ́n á lọ. Onídìí àyìnrín á wá jókòó sí àyè wọn. Nítorí náà, bó bá pọ̀ létí omi, kí a má tètè yọ̀. Kí a wo ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló kù, igbó ibẹ̀ ti lọ.

Nínú ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pobè ní 1922, wọ́n dá igbó kékeré kan sí. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti Sakété wá, ní 2015, Dijkstra, onímọ̀ nípa lámilámi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ irú lámilámi 60 lórúkọ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ Áfíríkà ni gbogbo wọn ti wá. Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ mú ìwé àti bíírò, ẹ dúró kí oòrùn ràn dáadáa, kí ẹ lọ sí ibi tí ìyá yín ti ń pọnmi. Ẹ kọ àwọ̀ ìdí lámilámi tí ẹ bá rí, ẹ kọ bó ṣe pa ìyẹ́, ẹ kọ igi tó wà níbẹ̀. Ẹ fi òwú sílé.