Ọkọ̀ Tí Ń Kú Nígbà Tí Ó Bá Gbóná

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún

Ìgbìmọ̀ ni ó ní kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọkọ̀ ẹgbẹ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni a fi ń jẹun, a sì ti fi ọwọ́ ara wa tú ọkọ̀ àtijọ́ palẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá fẹ́ jọ ti inú kíláàsì, ẹ forí jì wá. Ó ti mọ́ wa lára.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ọkọ̀ yìí wà fún. Òun ni ó ń gbé aláboyún àti aláìsàn láti ilé ìgbẹ̀bí wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. A sì mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé ni ó ti ń kú sójú ọ̀nà, títí di oṣù tí ó kọjá. Yóò rìn dáadáa fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, yóò sì dákẹ́ lójijì bí ẹni pé ènìyàn pa á. Awakọ̀ yóò yí kọ́kọ́rọ́ títí, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí, ṣùgbọ́n kò ní dáhùn. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì, kí ó tó dé, ọkọ̀ ti tutù. Bí ó bá ti yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti jí. Ọkọ̀ náà kò kú lójú àgbà kankan rí. Ọ̀rọ̀ yìí le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń sọ pé ńṣe ni awakọ̀ ń fa epo tà, tí ó sì ń fi ọkọ̀ bojú. Wọ́n pààrọ̀ pọ́ọ̀ǹpù epo, wọ́n tú kábúrétọ̀, wọ́n ra bátìrì tuntun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kan àìsàn náà.

Àwọn àgbà ní àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ní ti ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà yí padà díẹ̀: èyí tí ó kú pátápátá ni ó rọrùn láti wò, èyí tí ń kú tí ń jí ni ó ń sọ olóòótọ́ di òpùrọ́ lójú ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí iná ti ń wá. Ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo bẹntiróòlù kò lè ṣiṣẹ́ bí iná kò bá ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Fóltì 12 ni ti bátìrì, ṣùgbọ́n iná tí yóò fò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì ń fẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì. Kọ́ìlì ni ó ń sọ kékeré di ńlá, kì í sì í dá a ṣe. A ní láti jẹ́ kí iná wọ inú rẹ̀, kí a sì já a lójijì. Ìgbà tí a bá já a yẹn gan-an ni iná ńlá ń jáde. Láyé àtijọ́, irin kékeré méjì tí ń pàdé tí ń yà nínú dìsìtìríbútọ̀, èyí tí a ń pè ní kọ́ńtáàtì, ni ó ń ṣe iṣẹ́ jíjá yìí. Kọ́ńtáàtì a máa jó, a sì máa jẹ. Láàrin ọdún 1973 sí 1975 ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà fi tìràǹsísítọ̀ rọ́pò rẹ̀. Tìràǹsísítọ̀ náà àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ni wọ́n kó sínú àpótí pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n sì ń pè é ní ignition module. Mọ́dù ni a ó máa pè é nínú ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Mọ́dù kò ní ohun tí ń yí nínú rẹ̀, nítorí náà kì í jẹ bí kọ́ńtáàtì. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá lè tó áḿpíà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí iná bá sì ti ń kọjá, ooru kò lè ṣàìsí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi irin pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì dè é mọ́ irin mìíràn tí ó tóbi, kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Irin méjì ìbáà dán bí dígí, afẹ́fẹ́ díẹ̀ yóò wà láàrin wọn, afẹ́fẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa. Ohun kan tí ó funfun tí ó sì rọ̀ bí òrí ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà. Lẹ́yìn ogún ọdún, ohun funfun yìí ti gbẹ bí ẹfun. Ooru há sínú mọ́dù. Òjé tí wọ́n fi jó wáyà inú rẹ̀ mọ́ra sán. Bí ó bá gbóná, ojú sísán náà yóò là, bí ó bá tutù, yóò tún pa dé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa ni a hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí Ford ṣe láti ọdún 1983, ara dìsìtìríbútọ̀ gan-an ni wọ́n de mọ́dù mọ́, nítòsí ẹ́ńjìnnì tí ń jó fòfò. Àwọn tí ó ra ọkọ̀ náà gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ní California. Lọ́dún 2000 adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n pe àwọn ọkọ̀ náà padà wá fún àtúnṣe, lọ́dún 2001 wọ́n sì fi àdéhùn parí ẹjọ́ náà. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ń gbé mọ́dù kúrò lára dìsìtìríbútọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, ó ń gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti lè fẹ́ sí i. Àwọn Golf tí Volkswagen ṣe ní àwọn ọdún 1980 ní tiwọn gbé mọ́dù jìnnà sí ẹ́ńjìnnì lórí àwo alumíníọ́ọ̀mù, síbẹ̀ ohun funfun náà kò yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Bí a ó bá mú olè yìí, orí iṣẹ́ ni a gbọ́dọ̀ ti mú un. Nítorí náà a bá awakọ̀ wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan, a mú púlọ́ọ̀gì kan dání, ẹ̀mú tí ó ní rọ́bà lọ́wọ́, gílóòbù kékeré tí ó ní wáyà méjì, àkísà àti ìgò omi kan. Lórí òkè tí ó kọjá odò ni ọkọ̀ ti dákẹ́. A kò jẹ́ kí ó tutù. A fi púlọ́ọ̀gì wa sẹ́nu wáyà ńlá, a fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ẹ́ńjìnnì dáadáa, awakọ̀ sì yí kọ́kọ́rọ́. Iná kò ta rárá. Ọ̀rọ̀ epo parí níbẹ̀. Bí iná bá ta ni à bá padà sọ́dọ̀ pọ́ọ̀ǹpù. Ẹ má ṣe dán èyí wò níbi tí òórùn epo bá wà, ẹ má sì jẹ́ kí wáyà ńlá náà dá rọ̀ lófìfo, nítorí pé agbára tí kò bá rí ọ̀nà jáde a máa padà wá pa mọ́dù tí ó ṣì dára.

Lẹ́yìn náà a so gílóòbù mọ́ ẹnu kọ́ìlì níhà tí mọ́dù wà, a so ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì mọ́ irin ọkọ̀. Bí mọ́dù bá ń ṣiṣẹ́, gílóòbù yóò máa ṣẹ́jú bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Tiwa ràn gbọ̀ọ̀, kò ṣẹ́jú. A wá fi omi rẹ àkísà, a fún un gbẹ, a tẹ́ ẹ lé mọ́dù nìkan, a kò jẹ́ kí ó kan kọ́ìlì. Ohun tí ó wà nínú èyí ni pé kọ́ìlì náà lè kú bí ó bá gbóná. Bí a bá tu gbogbo wọn lára pọ̀, a kò ní mọ èyí tí ó jí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí gílóòbù fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Iná ta, ọkọ̀ dáhùn. Awakọ̀ kò sọ̀rọ̀ kan. Ó lọ jókòó sétí ọ̀nà, ó da ojú bolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí a tú mọ́dù, a rí i pé ẹnì kan ti fi ọ̀rá dì í nítorí òjò, inú rere ni ó sì fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí ń lé omi ni ó ń há ooru mọ́. A fi aṣọ nu ibi tí ó jókòó títí ó fi mọ́, a kò fi sáńpépà kàn án. A fi ohun funfun tuntun pa ìdí mọ́dù tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì nígbà tí bọ́tà wọ́n. Gíríìsì táyà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, òrí kò lè ṣe é. A de ìdè méjèèjì le. Kí a tó dè é, a wọn kọ́ìlì, nítorí pé kọ́ìlì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ mọ́dù lè jó tuntun náà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iná tí ó bá ń ti ara ọkọ̀ wọ bátìrì tí ó ju fóltì 15 lọ ti lè ṣe. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín jẹ́ ti ìsinsìnyí, tí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín.

Owó mọ́dù náà kò tó ìdajì owó pọ́ọ̀ǹpù epo tí wọ́n kọ́kọ́ rà. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀, nínú oòrùn gangan. A bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n ra mọ́dù kan sí i, kí ó máa wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú gílóòbù àti ẹ̀mú. Ní ti owó oṣù méjì tí wọ́n dá dúró lọ́wọ́ awakọ̀, ọ̀dọ̀ akápò ni ó ṣì wà. Ọ̀rọ̀ náà ni ó kàn lórí ìwé ìpàdé, a sì ti bẹ alága pé kí wọ́n pe awakọ̀ wọlé kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.